Ìpalára Tí A Kò Kọ Sílẹ̀: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ àti Àwọn Dísípáàṣì ní Igbó-Elérin, Ọjọ́, Ìbà àti Okokomaiko

Láti 1852 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti dá ilé ìfìwéránṣẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Èkó, ojú ẹni tó ń gbé ìwé kiri ni a fi ń wo òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, ìwé kì í sì í wúwo lójú ẹni tí kò gbé e. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti yí padà. Nígbà tí wọ́n pín ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù P&T sí méjì ní 1985, tí NIPOST mú ti lẹ́tà, tí NITEL mú ti tẹlifóònù, lẹ́tà ṣì ni olórí ẹrù. Lónìí, fóònù ti gba iṣẹ́ lẹ́tà ṣe, páálí ló kù sọ́rùn òṣìṣẹ́: bàtà, irun, aṣọ, rédíò, ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ní agbègbè wa yìí, ọjà Àlàbá kò jìnnà, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) tó wà ní Ọjọ́ ṣì ń lo àpótí ìfìwéránṣẹ́ tirẹ̀, àwọn dísípáàṣì sì ń sá sókè sódò láti Igbó-Elérin dé ẹ́síteètì Ìbà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Yálà NIPOST ló gbà wọ́n síṣẹ́ o, yálà ilé-iṣẹ́ aládàáni ni o, tàbí ìyá oníṣòwò kan tó ń tajà lórí fóònù, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, ewu kan náà ló sì dojú kọ wọ́n. Èrò tí ìwé yìí fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé ìjàǹbá ńlá tí gbogbo ìlú ń gbọ́ kọ́ ló ń ba ìlera wọn jẹ́ jù. Ìpalára kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ ni. Ohun tí a kò kọ, ọ̀gá kò ní ka á sí, NSITF, àjọ tó ń san owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, kò ní san owó lé e lórí, dókítà náà á sì máa tọ́jú ẹ̀yìn ríro láìmọ ohun tó ń fa á.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹrù gbígbé. Ẹni tó fẹ́ gbé àpò láti ilẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀kadà sábà máa ń na ẹsẹ̀ gan-an, á tẹ ẹ̀yìn ba, á fa àpò náà sókè, lẹ́yìn náà ni yóò wá yí ìbàdí láìyí ẹsẹ̀ kí ó tó gbé e kalẹ̀. Yíyí ìbàdí pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́ yẹn gan-an ló ń pa egungun ẹ̀yìn lára. Kò ní dùn ún lọ́jọ́ náà, bóyá kò tilẹ̀ ní dùn ún lọ́dún náà. Ọ̀nà tó dára ni kí ó tẹ orúnkún, kí ó fa ẹrù mọ́ àyà, kí ó sì fi ẹsẹ̀ yí gbogbo ara padà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ẹrù gbígbé nìkan kò tó, nítorí kò sí bí ènìyàn ṣe lè gbọ́n tó tí ẹrù tó pọ̀ jù kò ní ṣẹ́gun rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àpò tí afìwéránṣẹ́ ń gbé kọ́ èjìká kò gbọdọ̀ ju páùn 35 lọ, ìyẹn nǹkan bíi kílò 16. Àjọ NIOSH tó ń ṣèwádìí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ sì fi kílò 23 ṣe òdiwọ̀n ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ méjèèjì gbé nígbà tí gbogbo nǹkan bá rọgbọ: tí ẹrù bá wà nítòsí ara, tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, tí kò bá sí yíyí ìbàdí. Nígbà tí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí bá yẹ̀, òdiwọ̀n náà gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Ta ló ń wọn àpò kí wọ́n tó gbé e fún òṣìṣẹ́ ní Ìyànà-Ìbà? Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn páálí láti mọ iye tí oníbàárà yóò san wà nílẹ̀ lórí káńtà. Ó lè wọn àpò òṣìṣẹ́ náà.

Ti ọ̀nà kò nílò àlàyé púpọ̀ fún ẹni tó ń gbé ibí. Ní 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, wọ́n sì ṣèlérí pé ọkọ̀ ojú irin yóò dé Okokomaiko. Reluwé náà ti ń gbé èrò láti Marina láti September 2023, ṣùgbọ́n Mile 2 ló ń dúró, nítorí náà orí títì ni gbogbo ẹrù wa ṣì ń gbà, láàárín tírélà, dáńfó, máruwá àti àwọn tó ń gba ojú ọ̀nà òdì bọ̀. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ kó jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi hàn pé akoto tí a dè dáadáa lábẹ́ àgbọ̀n ń dín ewu ikú ọlọ́kadà kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní ìdá 69. Èyí tí wọ́n gbé lé orí láìdè, tàbí tí wọ́n fi kọ́ apá nítorí ooru, kò ṣiṣẹ́ kankan. A tún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba pé eré àsápajúdé kì í ṣe ìwà àìbìkítà nìkan. Bí wọ́n bá ń san owó fún dísípáàṣì ní iye páálí tó bá gbé dé, tí wọ́n sì ń yọ owó rẹ̀ nígbà tó bá pẹ́, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣètò owó náà ló ń tì í láti sáré. Ẹni tó ń bá a wí pé kó rọra, tó sì tún ń pè é lórí fóònù léraléra pé ibo ló dé, òun náà ló ń sún un sáré.

Oòrùn náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ láìpariwo. Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, sọ ní 2024 pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ju bílíọ̀nù 2.4 lọ ni ooru àpọ̀jù ń bá fínra lẹ́nu iṣẹ́. Ooru Èkó tún ní ọgbọ́n tirẹ̀: omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ wa, òógùn kì í tètè gbẹ, ara kò sì lè fi òógùn tí kò gbẹ tu ara rẹ̀ lára. Dísípáàṣì tó wọ jákẹ́ẹ̀tì dúdú ní agogo méjì ọ̀sán oṣù kẹta, tí kò mu omi láti àárọ̀ nítorí kò fẹ́ dúró tọ̀, ti wà létí ewu. Òòyì, èébì àti orí fífọ́ ni àmì àkọ́kọ́: kó bọ́ sí ibòji, kó mu omi, kó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, ọ̀rọ̀ píọ́ wọ́tà ti tán. Ẹ da omi sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ọ̀rọ̀ ajá ló fi agbára àkọsílẹ̀ hàn jù. Ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà mọ̀ pé ní 2023 ajá kọlu àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní ìgbà tó ju 5,800 lọ. Kì í ṣe pé ajá Amẹ́ríkà burú ju ti ẹ́síteètì wa lọ. Wọ́n ń kà á ni. Nítorí pé wọ́n ń kà á, ẹ̀rọ tí afìwéránṣẹ́ ń gbé lọ́wọ́ lè kìlọ̀ fún un pé ajá wà nílé tó ń lọ, ọ̀gá sì lè dáwọ́ ìwé gbígbé dúró sí ilé tí olúwarẹ̀ kò bá so ajá rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tí ajá bù jẹ á fi epo pa á, á sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn á sì gbé páálí lọ sí ilé kan náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má fi èyí ṣeré: àrùn dìgbòlugi kò ní ìwòsàn lẹ́yìn tí àmì rẹ̀ bá ti yọ, ikú ló sábà ń já sí. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ má ṣe dúró wo ajá náà bóyá yóò kú.

Àwọn kan á ní kò sí ohun tí ìwé kíkọ lè ṣe fún ara tó ń dunni. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Washington ní 2001, nígbà tí ẹnì kan fi kòkòrò àrùn anthrax ránṣẹ́ nínú lẹ́tà. Wọ́n ṣí ọ̀kan nínú lẹ́tà náà ní ọ́fíìsì aṣòfin ní October 15, wọ́n sì fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lóògùn lọ́jọ́ náà. Ilé ìpínwéè Brentwood tí lẹ́tà náà gbà kọjá kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró títí di October 21, nítorí àwọn aláṣẹ gbà pé àpòòwé tí a lẹ̀ kò lè jò. Ẹ̀rọ ìpínwéè ti tẹ ẹ́, ìyẹ̀fun náà ti tú jáde. Òṣìṣẹ́ méjì níbẹ̀, Thomas Morris àti Joseph Curseen, kú. Èèyàn márùn-ún ló kú lápapọ̀, 17 mìíràn sì ṣàìsàn. Imú àti ẹ̀dọ̀fóró òṣìṣẹ́ ti ní ìròyìn náà kí ọ́fíìsì tó gbà á gbọ́; ohun tí kò sí ni ọ̀nà tí ìròyìn á fi ti ilẹ̀ gòkè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè ti ilé náà pa. Ní tiwa, Èkó kò gbàgbé October 19, 1986, tí bọ́ǹbù inú ìwé pa akọ̀ròyìn Dele Giwa ní Ìkejà. Ọwọ́ ni wọ́n fi mú ìyẹn wá, kì í ṣe ilé ìfìwéránṣẹ́ ló gbé e, ṣùgbọ́n ó tó láti jẹ́ ká gbà pé òṣìṣẹ́ tó bá ní páálí kan ń jò, ń rùn, tàbí kò yé òun, kò gbọdọ̀ di ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ó gbé e kalẹ̀, kí ó má gbọ̀n ọ́n, kí ó má gbóòórùn rẹ̀, kí ó kúrò níbẹ̀, kí ó sì pe ọ̀gá.

Òfin wa kò sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Owó Gbà-máà-bínú fún Òṣìṣẹ́ ti 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò tí NSITF ń bójú tó. Inú àpò yẹn ni owó ìtọ́jú àti owó ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ ti ń wá. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, tó fi opó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 90 owó oṣù rẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n máa san fún wọn. Òfin náà tún ka ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ láàárín ilé àti ibi iṣẹ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó ní àsìkò: òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14, agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Orúkọ, àkókò, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ohun tó fà á, ní ọ̀rọ̀ lásán, ni òfin béèrè. Irú èyí ti tó: “Ọjọ́ Ajé, agogo mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú, iwájú géètì LASU. Táyà ẹ̀yìn yọ̀ nínú iyanrin, páálí mẹ́fà wà lẹ́yìn mi, mo fi orúnkún òsì ṣubú. Mo sọ fún alábòójútó lórí fóònù lọ́jọ́ náà.” Kí ó ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù, nítorí nótìbùùkù ọ́fíìsì lè sọnù.

Ọ̀pọ̀ dísípáàṣì á ní, “Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, ọ̀kadà mi ni mò ń gùn.” Ọ̀gá náà sì fẹ́ràn gbólóhùn yẹn. Òfin 2010 kò béèrè lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kí ó tó ka ènìyàn sí òṣìṣẹ́. Àdéhùn ẹnu tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọmọṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Lóòótọ́, ẹni tó dá dúró pátápátá, tó ń yan oníbàárà tó wù ú, lè má bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń yan àkókò fún, tí wọ́n ń wọ aṣọ ilé-iṣẹ́ fún, tí wọ́n ń yọ owó rẹ̀ bó bá pẹ́, ó yẹ kí ó béèrè dáadáa kó tó gbà pé òun kò ní agbanisíṣẹ́. Ìbẹ̀rù kejì wúwo ju ìyẹn lọ: “Bí mo bá kọ ọ́, wọ́n á lé mi.” A kò lè sọ pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tó fi sàn kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa kọ, kí àkọsílẹ̀ di ìṣe ojoojúmọ́ bí ìgbà tí a ń buwọ́ lu ìwé páálí, ju kí ẹnì kan ṣoṣo dìde kọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kán. Ọ̀gá kékeré tó ní òun kò lówó ààbò náà ní ẹjọ́ tirẹ̀, àmọ́ kí ó ṣírò iye tí ó ń ná nígbà tí ọmọṣẹ́ kan bá fi oṣù méjì jókòó sílé teguntegun, tí páálí oníbàárà sì fọ́ sínú gọ́ọ̀tà.

A kò bá ilé teguntegun jà, bẹ́ẹ̀ ni a kò bá oníkẹ́mísì jà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé egungun lè tò, kí ìwé má sí. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 112 tàbí 767. Alimosho General Hospital ní Ìgandò wà lójú ọ̀nà tó ti Ìyànà-Ìbà lọ, Òfin Ìlera ti 2014 sì sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì sílẹ̀ nítorí ohunkóhun. Kí olùfarapa sọ ohun tó ń ṣe nígbà tó fara pa, nítorí ohun tí a bá sọ fún dókítà ló máa kọ. Bí ó bá ní òun ṣubú, “ó ṣubú” ni yóò wà nínú fáìlì. Bí ó bá ní orí ọ̀kadà ni òun ti ṣubú níbi tí òun ti ń gbé páálí iṣẹ́ lọ sí Ìbà ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ ni yóò wà níbẹ̀. Kí ó gba ẹ̀dà ìwé dókítà náà kó tó kúrò, torí òun ni NSITF máa béèrè.