Táàgì Ara Ẹrù: Bí Ẹni Tí Wọ́n Tì Mọ́lé Láìṣẹ̀ Lókè Òkun Ṣe Lè Rí Ẹ̀tọ́ Rẹ̀ Gbà

Àwọn kan nínú wa ń múra Mẹ́kà, àwọn mìíràn ń múra àtilọ kó ọjà ní Dubai. Kí ẹ tó di ẹrù, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ táàgì ni, ìwé pélébé tí wọ́n máa ń so mọ́ báàgì yín ní kọ́ńtà. Ọ̀pọ̀ wa kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀, ìwé kékeré yẹn ló sọ ọmọ ọlọ́mọ sí àhámọ́ fún oṣù mẹ́rin nílẹ̀ Saudi.

Ní ọjọ́ 24, oṣù Kejìlá, 2018, ọmọbìnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì kan ní Kánò bá ìyá rẹ̀ àti ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin wọkọ̀ òfuurufú, wọ́n ń lọ ṣe Úmúrà. Wọ́n gúnlẹ̀ láyọ̀. Kò ju ọjọ́ méjì lọ, àwọn ọlọ́pàá Saudi wá bá a ní hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n dé sí ní Mẹ̀dínà. Wọ́n ní àwọn rí báàgì kan, oògùn tramadol ló wà nínú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára táàgì rẹ̀. Ọmọ yìí ní òun ò mọ báàgì náà rí. Ta ló máa gbà á gbọ́? Ẹ sì mọ̀ pé ní Saudi, ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi pé ó gbé oògùn olóró wọ̀lú, wọ́n lè bẹ́ ẹ lórí.

Báwo ni orúkọ ẹni ṣe ń dé ara ẹrù tí kì í ṣe ti ẹni? Tíkẹ́ẹ̀tì yín ló ń sọ iye ẹrù tí ẹ lè gbé. Ká ní àyè báàgì méjì ni ẹ ní, tí ẹ sì gbé ẹyọ kan. Àyè kejì ṣófo nìyẹn. Òṣìṣẹ́ tó bá níwà ìbàjẹ́ lọ́wọ́ lè tẹ táàgì mìíràn jáde lórúkọ yín, kó so ó mọ́ ẹrù àwọn tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ẹ̀yin ti kọjá lọ, ẹ ti ń wá ibi ìjókòó yín. Tí ẹrù bá débẹ̀, elégbè wọn ló yẹ kó yọ́ gbé e. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, orúkọ yín ni wọ́n máa kà, kì í ṣe orúkọ olówó oògùn.

Bàbá ọmọ náà kò kàn jókòó sunkún. Ó kọ̀wé ẹ̀sùn. Àwọn NDLEA wádìí ọ̀rọ̀ náà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Kánò, wọ́n mú àwọn kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ẹ̀rí ti wà nílé báyìí pé wọ́n gbé ẹrù náà lé e lórí ni. Síbẹ̀ ọmọ ṣì wà lẹ́wọ̀n. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde ṣe ìwọ́de, ariwo gba orí rédíò àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà yẹn ni Ààrẹ Muhammadu Buhari pàṣẹ fún Mínísítà ètò ìdájọ́, Abubakar Malami, pé kó dá sí i. Wọ́n tú ọmọ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ síi, wọ́n tú ọkùnrin ọmọ Nàìjíríà mìíràn sílẹ̀, òun ti wà lọ́hùn-ún láti 2017. Ẹ ro ìyẹn wò!

Ohun tó ká wa lára níbẹ̀ ni pé ó di ìgbà tí ariwo pọ̀ kí wọ́n tó sáré. A ò ní torí pé ó parí síre ká má sọ ọ́.

Kò sì tíì tán. Ní oṣù Kẹjọ, 2025, arìnrìn-àjò mẹ́ta gba Kánò kan náà lọ Saudi, wọ́n mú wọn ní Jeddah nítorí ẹrù tí wọ́n fi táàgì orúkọ wọn sí. Lọ́tẹ̀ yìí, NDLEA tètè mú àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà nílé, wọ́n kó ẹ̀rí lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Saudi, a sì tú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án. Ṣé ẹ rí i? Ilé ni ẹ̀rí wà nígbà méjèèjì. Ilé náà ni ìtúsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá mú yín lọ́hùn-ún, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa béèrè ni ẹ́ḿbásì Nàìjíríà. Àdéhùn kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Vienna ní 1963: bí ẹ bá ti ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí aṣojú ìjọba yín, wọ́n gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ láìjáfara. Ẹ sọ ọ́, ẹ tún un sọ. Ìwé tí ẹ ò bá lè kà, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí yín. Ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀.

Àwọn ará ilé ní tiwọn, kí wọ́n má fi ọjọ́ kan ṣòfò. Kí wọ́n kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú náà àti sí FAAN pé kí wọ́n má pa àwòrán inú kámẹ́rà rẹ́, kí wọ́n sì kọ òmíràn sí NDLEA, sí iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, àti sí NIDCOM. Kí wọ́n gba ìwé pé wọ́n ti gbà á. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, kó lọ sí Legal Aid Council.

Tí ẹ bá wá bọ́ ńkọ́? Àwọn kan á ní kí ẹ dúpẹ́ kí ẹ lọ sinmi. Ọpẹ́ yẹ, ṣùgbọ́n ọjà tó bàjẹ́ àti orúkọ tó ti bàjẹ́ ńkọ́? Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 35, sọ pé ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé lọ́nà àìtọ́, kí wọ́n san owó ìtanràn fún un, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì ní gbangba. A ò ní tàn yín: ẹ ò lè wọ́ ìjọba Saudi wá sí kóòtù Ìkẹjà. Ẹni tí ẹ lè pè lẹ́jọ́ ni àwọn tó dá ọ̀ràn náà sílẹ̀ nílé, òṣìṣẹ́ tó so táàgì àti iléeṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́. Ìlànà 2009 kò fi gbèdéke sí ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, àmọ́ ẹjọ́ tó bá wà lábẹ́ àdéhùn ọkọ̀ òfuurufú ti Montreal, ọdún 2 péré ló ní. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná Kùtọnù àti Lomé, tiyín tilẹ̀ rọrùn díẹ̀: bí ìjọba ibẹ̀ bá tẹ ẹ̀tọ́ yín lójú, kóòtù ECOWAS ní Àbújá máa ń gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan láti 2005.

Ohun kan kù tí yóò bí àwọn kan nínú wa nínú. "Ìyá mi, ẹ bá mi fi kílò márùn-ún yín gbé e, àbúrò mi á wá gbà á lọ́wọ́ yín." Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ láàárín wa, torí ìfẹ́ ni a sì fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ Kánò yẹn kò bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù, ohun tójú rẹ̀ rí nìyẹn. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbà á, kí ló fẹ́ wí?

Ní kọ́ńtà, ẹ ka ìwé táàgì tí wọ́n bá fún yín, kó má ju iye báàgì yín lọ. Ẹ ya fọ́tò ẹrù yín lórí ìwọ̀n, kí nọ́ńbà táàgì hàn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sílé kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹgbẹ́ ti ṣí fáìlì kan fún àwọn arìnrìn-àjò. Kí ẹni tó bá ń lọ lọ́dún yìí mú fọ́tókópì pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, ti tíkẹ́ẹ̀tì, àti nọ́ńbà fóònù ẹnì kan nílé wá fún akọ̀wé lọ́jọ́ ìpàdé.