Nínípọn Irin Àtẹ Wáyà: Ohun tí Gééjì Nìkan Kò Lè Sọ fún Wa

Ohun tí bébà yìí dá lé ni bí a ṣe lè mọ irin tí ó nípọn tó fún àtẹ wáyà, èyí tí àwọn oníná ń pè ní kébù tíréè. Irin pẹlẹbẹ ni, tí a ṣẹ́ etí rẹ̀ méjèèjì sókè, tí a sì gbé kọ́ ara ògiri kí kébù ńláńlá lè sùn sínú rẹ̀ láti ilé jẹnẹrétọ̀ dé ibi tí a ti ń pín iná. Bí àtẹ bá tẹ̀ wálẹ̀, kébù yóò máa fà níbi ìdè rẹ̀, awọ rẹ̀ lè bó, iná sì lè gba ara irin.

Láti ìgbà tí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti ṣí ní 1978, ilé ńláńlá ti pọ̀ ní Mowe àti Ibafo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ifo, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ẹni tí ó ń kọ́lé níbẹ̀ lè ra àtẹ, ó sì lè ní kí wẹ́dà ṣe é. Èyí ó wù kó jẹ́, ‘Gééjì mélòó?’ ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Èrò tiwa ni pé ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó ṣíwájú.

Gééjì a máa tan ènìyàn. Bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe ń ga ni irin ń fẹ́lẹ́. Gééjì 16 ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mílímítà 1.626, 20 jẹ́ 0.914. Ní ti Amẹ́ríkà, fún irin tí a fi síǹkì bò, 20 kan náà jẹ́ 1.006. Mílímítà ni kí a kọ sínú ìwé àdéhùn, kí a sì fi káálípà wọn irin nígbà tí ó bá dé.

Ẹ jẹ́ kí a mú àtẹ kan tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 300, tí etí rẹ̀ ga tó 50, tí irin rẹ̀ nípọn tó 1.5. Mítà kan rẹ̀ wúwo tó kílò 4.7. Bí a bá sọ irin náà di mílímítà 2, irin tí a ó rà yóò fi ìdámẹ́ta lé sí i, líle àtẹ náà yóò sì fi ìdámẹ́ta lé sí i, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi irin sílẹ̀ ní 1.5, tí a gbé etí sókè dé 100, ìdámẹ́rin péré ni irin fi lé, líle rẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méje. (A kò ka ihò tí a ń lu sí ìdí àtẹ mọ́ ìṣirò yìí.) Àlàfo àárín àwọn irin ìgbéró tún ju èyí lọ: bí a bá sún un láti mítà 3 sí 1.5, títẹ̀ àtẹ yóò dín kù di ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Ìlànà àgbáyé IEC 61537 kò fẹ́ kí títẹ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àlàfo lọ, èyí ni mílímítà 30 fún mítà 3.

Èyí kò wá ní kí a máa lo irin tí ó fẹ́lẹ́ bí bébà. Etí gíga tí kò nípọn a máa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, àfi bí a bá tún ṣẹ́ orí rẹ̀. Àtẹ tí ó fẹ̀ gan-an ni nínípọn wúlò fún jù, nítorí pé bí a bá sọ nínípọn ìdí pẹlẹbẹ di ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ ní ìbú yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Síbẹ̀, àtẹ kì í ṣe àtẹ̀gùn. Kí oníná má ṣe gun orí rẹ̀.

Ó ku ìpatà. Irin tí a ti fi síǹkì gíráàmù 275 bò ní mítà oníhà mẹ́rin kan, tojú tẹ̀yìn, ní síǹkì tó mílímítà 0.02 lójú kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a rì sínú síǹkì yíyọ́ lẹ́yìn tí a ṣe é tán, bí ó bá jẹ́ mílímítà 2, a máa ní tó 0.055. Iná wẹ́dà a sì máa jó síǹkì dànù níbi tí ó bá kàn. Nítorí náà, fún àtẹ tí òjò yóò máa pa, kí a jó gbogbo ojú rẹ̀, kí a lu gbogbo ihò rẹ̀ tán, kí a tó gbé e lọ rì.