Àyè Ẹsẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Òfuurufú Mẹ́kà

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ẹrù ní èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní 1977, ẹ mọ bí a ti í to ẹrù sínú kọ̀ǹténà: àlàfo kankan kò gbọdọ̀ ṣòfò, nítorí owó ni. Ìṣirò yìí gan-an ni àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú ń ṣe sí orúnkún wa.

Láti ẹ̀yìn àga kan dé ẹ̀yìn èkejì, ínṣì 35 ni ó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà kan. Ó ti di 31, àwọn mìíràn tilẹ̀ sọ ọ́ di 28. Ẹni kúkurú nìkan ni ó rọ̀ lọ́rùn! Ìrìn Èkó sí Jeddah sì ju wákàtí mẹ́rin lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2007 pé bí ìrìn àjò bá tó wákàtí mẹ́rin, ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan ẹsẹ̀ a tó ìlọ́po méjì. Ewu náà kò pọ̀ fún ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tí ó fi ọdún púpọ̀ tu owó ọjà jọ ńkọ́?

Ní 2018, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n fi ìwọ̀n tí àga kò gbọdọ̀ dín sí lélẹ̀. Ní 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bèèrè èrò aráàlú. Níhìn-ín, ó yẹ kí NAHCON, tí ń bójú tó ètò Háájì, béèrè ínṣì àga lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ bí ó ti ń béèrè iye owó. Ní báyìí ná, ẹ gba àga ẹ̀bá ọ̀nà fún àwọn àgbà yín, kí wọ́n lè máa dìde na ẹsẹ̀ ní wákàtí wákàtí, bí iná ìgbànú bá ti kú.