Nígbà Tí Testosterone Bá Dín Kù Lára Ọkùnrin
Ìwé ìlàlóye fún àwọn ọkùnrin àti àwọn ìyàwó wọn

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ń gbé wá sí ilé ìwòsàn ni kì í dárúkọ rẹ̀ tààrà. Wọ́n á ní ẹ̀yìn ń dun àwọn, tàbí pé ó kàn ń rẹ àwọn ni. Ìgbà tí dọ́kítà bá ti ilẹ̀kùn tán ni wọ́n tó ń sọ pé ó ti pẹ́ tí àwọn àti ìyàwó ti jọ sún mọ́ra gbẹ̀yìn. Nígbà náà, aláàgbo ti gbowó lọ́wọ́ wọn, kẹ́míìsì sì ti gún wọn lábẹ́rẹ́ tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. A kọ ìwé yìí kí ẹ lè tètè wá, àti kí ẹ má ṣe gba ìtọ́jú testosterone nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀n ọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ yín.

Kí ni testosterone?

Òun ni họ́mọ̀nù tí ń sọ ọmọdékùnrin di ọkùnrin. Ó ń mú kí ohùn ki, kí irùngbọ̀n hù, kí apá àti itan le. Títí di ọjọ́ ogbó ni ó ń ṣiṣẹ́ lórí egungun, ẹ̀jẹ̀, ìfẹ́ ìbálòpọ̀ àti àtọ̀. Inú kórópọ̀n ni ara ti ń pèsè púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kórópọ̀n kì í dá ṣe é. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, tí ń ránṣẹ́ gba inú ẹ̀jẹ̀ pé kí kórópọ̀n ṣiṣẹ́. Bí testosterone bá ti tó, ọpọlọ á dẹwọ́ iṣẹ́ tí ó ń rán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni a ó fi ṣàlàyé ewu abẹ́rẹ́ níwájú.

Láti nǹkan bí ọmọ ọdún 30 sí 40, ó máa ń rọra dín kù, bí ìdá 1 nínú 100 lọ́dọọdún. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ó di àìsàn nígbà tí ó bá lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tí àmì rẹ̀ sì hàn lára.

Àwọn àmì rẹ̀

Èyí tí ó tọ́ka sí i jù ni kí ìfẹ́ obìnrin kúrò lọ́kàn ọkùnrin, kí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ má sì le mọ́ nígbà tí ó bá jí láàárọ̀ kùtùkùtù. Irun abíyá àti irùngbọ̀n lè máa dín. Ọyàn lè máa yọ. Ooru lè máa mú un lójijì bí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dáwọ́ dúró. Egungun lè ṣẹ́ nínú ìṣubú tí kò tó nǹkan, ẹ̀jẹ̀ sì lè má tó lára láìsí ìdí kankan tí a rí.

Àárẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìlèsùn wà lára àmì rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹni tí ó ń jáde nílé ní Ìkòròdú ní aago 4 ìdájí lọ síbi iṣẹ́ ní Victoria Island, tí owó ilé ìwé ọmọ sì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, ó di dandan kí ó rẹ̀ ẹ́.

Bí orí bá ń fọ́ yín ṣáá, tí ojú kò sì ríran ẹ̀gbẹ́ dáadáa mọ́, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ mìíràn. Ó lè jẹ́ kókó ló ń wú nísàlẹ̀ ọpọlọ.

Ṣé jẹ̀díjẹ̀dí ni?

Bí ìfẹ́ bá wà lọ́kàn, ṣùgbọ́n tí nǹkan ọmọkùnrin kò dìde tàbí tí kò lè dúró, ọ̀ràn náà kì í sábà jẹ́ ti testosterone. Ẹ̀jẹ̀ ní láti ya wọ ibẹ̀ kí ó tó lè le. Àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti sìgá ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, iṣan ibẹ̀ sì tín-ín-rín ju ti ọkàn lọ, nítorí náà ibẹ̀ ni ìbàjẹ́ ti sábà máa ń kọ́kọ́ hàn. Àìsàn ọkàn lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Èyí ló fi ń dùn wá nígbà tí wọ́n bá sọ fún bàbá kan pé jẹ̀díjẹ̀dí ló ń bá a jà, pé kí ó yé lá nǹkan dídùn, tí ó wá ń mu àgbo kíkorò fún ọdún méjì, tí àtọ̀gbẹ sì ń jẹ ẹ́ lára láìsí ẹni tó yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan pẹ̀lú lè fa ìṣòro yìí. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín o. Ẹ sọ fún dọ́kítà, yóò bá yín pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ń fà á

Nígbà mìíràn kórópọ̀n fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́: ṣegede tí ó mú ọmọkùnrin lẹ́yìn ìbàlágà tí ó sì wú u lẹ́pọ̀n, kórópọ̀n tí kò sọ̀ kalẹ̀ láti kékeré, èyí tí ó lọ́ pọ̀ tí wọn kò tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún, tàbí ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Ó ń ṣe àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS pẹ̀lú. Nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 600 ni a bí pẹ̀lú kúrómósómù X kan lé. Ọ̀pọ̀ wọn kì í mọ̀ títí wọn yóò fi wá ọmọ tì.

Nígbà mìíràn, iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán ni kò dé. Ìsanra jọ̀kọ̀tọ̀ àti àtọ̀gbẹ wà lára ohun tí ń fa èyí, nítorí ọ̀rá ara ń sọ testosterone di họ́mọ̀nù obìnrin. Àrùn ẹ̀dọ̀, àrùn kíndìnrín, kòkòrò HIV, ọtí àmujù àti lílo oògùn bíi dexamethasone fún ìgbà pípẹ́ wà níbẹ̀.

Èyí tí ó ń kó ìdààmú bá wa jù ni tramadol àti kódíìnì. Láti ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi ìkọ́ oníkódíìnì wọlé, síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń rí i. Àwọn mìíràn ń gbé tramadol mì kí wọ́n lè pẹ́ lórí obìnrin. Irú oògùn yìí ń dí iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí kórópọ̀n lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 25 lè tipasẹ̀ rẹ̀ pàdánù ìfẹ́ ìbálòpọ̀ pátápátá. Bí ẹ bá ti ń lò ó lójoojúmọ́, ẹ wá kí a ràn yín lọ́wọ́ láti fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A kò ní fi yín sùn.

Àyẹ̀wò

Òwúrọ̀ ni testosterone máa ń pọ̀ jù. Nítorí náà, aago 7 sí aago 10 òwúrọ̀ ni a ń gba ẹ̀jẹ̀, láìtíì jẹun. Bí ibà bá ń ṣe yín lọ́wọ́, ẹ dúró kí ara yín yá. Bí èsì bá lọ sílẹ̀, a ó tún un ṣe ní ọjọ́ mìíràn, nítorí èsì kan ṣoṣo kò tó láti fi gbé ìtọ́jú ọdún gbọọrọ ka ènìyàn lórí. Ọ̀pọ̀ dọ́kítà ń lo 300 ng/dL gẹ́gẹ́ bí ààlà. Láàbù mìíràn ń kọ nmol/L. 300 ng/dL jẹ́ nǹkan bí 10.4 nmol/L. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá ibi tí ó ti ń wá, bóyá kórópọ̀n ni tàbí ọpọlọ.

Ìtọ́jú

Fún ẹni tí ó sanra, dídín ara kù nìkan lè gbé testosterone sókè. Ẹni tí ó ń hanrun gan-an lóru, tí èémí rẹ̀ ń dá tí ó sì tún ń bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí ó sọ fún wa kí a tó fún un ní testosterone. Ìyàwó ló sábà máa ń mọ èyí.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ara nílò testosterone, abẹ́rẹ́ wà, jẹ́ẹ̀lì tí a ń fi pa ara náà sì wà. Ẹni tí ó bá ń lo jẹ́ẹ̀lì ní láti fọ ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì bo ibi tí ó pa á sí, kí ó má baà ran ìyàwó tàbí ọmọ tí ó bá gbé mọ́ra.

Ọkùnrin tí ó ń wá ọmọ kò gbọ́dọ̀ gba testosterone. Bí ó bá ti ìta wọlé, ọpọlọ á gbà pé ó ti tó, á sì dáwọ́ iṣẹ́ rírán dúró. Kórópọ̀n á sún kì, ọmọ inú àtọ̀ á dín, ó sì lè tán pátápátá. Bí a bá dá a dúró, ó máa ń gba oṣù púpọ̀ kí ó tó padà, àwọn mìíràn á lé ní ọdún kan, tàbí kí ó má padà bọ̀ sípò rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ti abẹ́rẹ́ tí àwọn kan ń gún láti fi ki ara ní ibi ìdárayá. Ẹ wo ilé tí wọ́n ti ń fi ìyàwó ṣe ẹlẹ́yà pé ó yàgàn, nígbà tí ọkọ ń gba abẹ́rẹ́ agbára ní kọ̀rọ̀. Oògùn mìíràn wà tí ń jí kórópọ̀n láìba àtọ̀ jẹ́, nítorí náà ẹ sọ fún dọ́kítà pé ẹ ṣì fẹ́ bímọ.

Ẹni tí jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti próstéètì bá wà lára rẹ̀ kò yẹ fún ìtọ́jú yìí. Ẹ̀jẹ̀ lè ki jù, nítorí náà a máa ń yẹ PCV (ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀) wò, bí ó bá sì kọjá ìdá 54 nínú 100 a ó dá oògùn dúró. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023 fi hàn pé ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kò pọ̀ sí i láàárín àwọn tó lò ó, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró àti ìlùkìkì ọkàn tí kò dọ́gba pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe ohun tí ènìyàn ń rà ní ẹ̀bá ọ̀nà.

Ní ti àgbo ale àti ife kíkorò tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, àyẹ̀wò ti fi hàn ní ọ̀pọ̀ ìgbà pé wọ́n ń po oògùn òyìnbó tí ń mú nǹkan ọmọkùnrin le, bíi sildenafil, mọ́ irú wọn láìsọ fún oníbàárà. Ẹni tí ó bá ń lo oògùn ọkàn tí ń jẹ́ nitrate lè kú bí méjèèjì bá pàdé lára rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ gbé mì.

Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀

Ẹ wá láàárọ̀, kí ẹ má jẹun. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò wá, títí kan ìgò àgbo àti páálí abẹ́rẹ́ tí kẹ́míìsì lò. Ẹ lè mú ìyàwó yín dání, ẹ sì lè dá wá. Bí ẹ kò bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tí ń gba káàdì, ẹ kàn sọ fún un pé ẹ fẹ́ rí dọ́kítà fún àyẹ̀wò ara.