Ojú méje, ìdájọ́ kan: iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe àwọn rẹfirí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Nígbà tí ẹgbẹ́ Hogs ti Reggio Emilia bá ń bá Giaguari ti Turin tàbí Saints ti Padua figẹ̀ wọngẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, eléré méjìlélógún ló wà lórí pápá, wọ́n sì lè kọlu ara wọn níbi mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ẹnì kan kò ká a. Ìyẹn ni NFL, líìgì àgbà Amẹ́ríkà, fi ń lo rẹfirí méje láti 1978. Ẹni tó dé fìlà funfun ni olórí, ẹ̀yìn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ló sì ń dúró sí. Àwọn méjì wà ní ìkángun ìlà tí ẹgbẹ́ méjèèjì ti kojú ara wọn. Òmíràn jìnnà sẹ́yìn, ó ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù lọ réré. Kálukú ló ní eléré tó gbọ́dọ̀ fojú sí, kódà bí bọ́ọ̀lù bá wà níbòmíràn. Ibẹ̀ ló le jù: kí o gbójú kúrò lára bọ́ọ̀lù nítorí o gbà pé ẹlòmíràn ń wò ó.

Ohun tí mo gbà ni pé iye kọ́ ló ń mú ìdájọ́ wọn tọ́, bí kò ṣe kí wọ́n fọ̀rọ̀ wérọ̀ kí wọ́n tó gbọ́wọ́ sókè. Ẹ wo Seattle, ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án 2012, nígbà tí NFL ń lo àwọn arọ́pò nítorí ìjà owó iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn rẹfirí rẹ̀. Ní ìparí eré, Golden Tate ti Seattle àti M.D. Jennings ti Green Bay jọ di bọ́ọ̀lù mú. Rẹfirí méjì dúró tì wọ́n: ọ̀kan gbọ́wọ́ sókè pé ó wọlé, èkejì ń fọwọ́ júwe ohun mìíràn. Wọn kò kọ́kọ́ bi ara wọn léèrè ohun tí kálukú rí. Seattle borí pẹ̀lú 14 sí 12. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, NFL àti àwọn rẹfirí gidi fẹnu kò.

Àwọn kan á ní bí ẹ̀bi bá jẹ́ ti gbogbo wọn, kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Rárá o. Nítorí pé a mọ ẹni tó ń ṣọ́ ibi kọ̀ọ̀kan, a mọ ẹni tó yẹ kó rí i tó sì dákẹ́. NFL ń yẹ iṣẹ́ rẹfirí kọ̀ọ̀kan wò lẹ́yìn eré. Ìdájọ́ ni wọ́n jọ ni, ojúṣe ní olówó rẹ̀.

Ẹ̀rọ ńkọ́? Ní Turin, ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ 2017, nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, rẹfirí Fabio Maresca kò kọ́kọ́ fún Cagliari ní pẹnárítì lòdì sí Juventus. Àwọn tó wà nídìí VAR, ẹ̀rọ fídíò tó ń ran rẹfirí lọ́wọ́, ló ta á lólobó, ó lọ wo fídíò, ó sì yí ìdájọ́ padà. Buffon, aṣọ́lé Juventus, gbá bọ́ọ̀lù náà dànù. Ẹ̀rọ ya àwòrán, ṣùgbọ́n ènìyàn ló sọ̀rọ̀, ènìyàn ló gbọ́. Nítorí náà, kí àwọn líìgì tí owó wọn kò pọ̀, ní Ítálì àti níbi gbogbo, kọ́kọ́ náwó lé kíkọ́ àwọn rẹfirí wọn láti máa ṣiṣẹ́ pọ̀, kí wọ́n tó ra kámẹ́rà.