Steuben: Kápúténì Tó Di Ọ̀gágun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu dùn ún ròfọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹnì kan bá wá fi ẹnu ròfọ́ tán, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè é jinná, kí ni ká pe onítọ̀hún? Ìbéèrè tí ìtàn Friedrich Wilhelm von Steuben gbé ka iwájú wa nìyí.

Ìlú Magdeburg, tó wà ní Jámánì lónìí, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1730, lábẹ́ ìjọba Prussia. Ó bá wọn ja Ogun Ọdún Méje (1756 sí 1763), ṣùgbọ́n kò ju kápúténì lọ tí wọ́n fi dá a dúró níṣẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí Benjamin Franklin kọ̀wé láti Paris ní 1777 láti fi í han George Washington, ọ̀gágun ńlá ọba Prussia ló pè é. Irọ́ gbáà!

Ní oṣù Kejì ọdún 1778, Steuben dé Valley Forge, ibùdó àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà fún òmìnira. Òtútù mú, aṣọ ti gbó mọ́ wọn lára, àìsàn sì ń pa wọ́n. Steuben kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Faransé ló fi ń kọ ìlànà rẹ̀, àwọn mìíràn a sì túmọ̀ rẹ̀. Ó ṣa nǹkan bí 100 ọmọ ogun jọ, ó fúnra rẹ̀ kọ́ wọn bí a ti ń yan àti bí a ti ń ki ìbọn, iṣẹ́ tí àwọn ọ̀gá máa ń fi sílẹ̀ fún sájẹ́ńtì. Àwọn wọ̀nyí ló lọ kọ́ àwọn yòókù. Ó mú ṣáláńgá jìnnà sí ilé ìdáná. Nígbà tó rí i pé ọmọ Amẹ́ríkà kì í fẹ́ ṣe ohun tí kò mọ ìdí rẹ̀, ó ń ṣàlàyé ìdí náà fún wọn.

Ní oṣù Karùn-ún, wọ́n fi í jẹ ọ̀gágun ní tòótọ́. Ní oṣù Kẹfà, ní Monmouth, àwọn tó kọ́ kojú Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì túká. Ìwé ìlànà tó kọ ní 1779 ni ológun Amẹ́ríkà lò fún ohun tó lé ní 30 ọdún. Ó kú ní 1794.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni purọ́ wá ipò o. Oyè tí Steuben gbé dé Valley Forge, ẹnu ló fi jẹ ẹ́. Èyí tó gbà níbẹ̀, iṣẹ́ ló fi rà á. Èkejì yìí ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀.