Ẹja Tí Kò Sá fún Iyọ̀

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó mọ ẹpìyà dáadáa nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé irú kan wà, èyí tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú, tí ó lè fara da ohun tí ń pa ẹja púpọ̀. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Sarotherodon melanotheron. Láti Senegal títí dé Cameroon, inú ọ̀sà etí òkun ni ó ń gbé, níbi tí omi odò àti omi òkun ti ń pàdé. Ní ìgbà òjò omi náà a dùn, ní ẹ̀ẹ̀rùn a sì di oníyọ̀. Ẹja náà kò tìtorí èyí kúrò ní ilé rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó ń ṣe láti wà láàyè kò kéré. Nínú omi dídùn, iyọ̀ ara ẹja pọ̀ ju ti omi lọ, nítorí náà omi a máa wọ inú rẹ̀ láìdúró, òun a sì máa tọ̀ ọ́ jáde. Nínú òkun, òdì-kejì ni: omi a máa ti ara rẹ̀ jáde lọ, ẹja a sì máa mu omi òkun dípò èyí tí ó sọnù, lẹ́yìn náà a lé iyọ̀ rẹ̀ jáde. Ibi pupa abẹ́ etí ẹja, èyí tí ẹ̀yin ìyá máa ń ṣí wò lọ́jà láti mọ̀ bí ó ti pẹ́ tó tí a pa á, ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ náà wà. (Bàbá ẹja yìí ni ó sì ń kó ẹyin sí ẹnu títí wọn ó fi pa. Kí àwọn baálé ilé gbọ́ èyí.)

Ní odò Saloum ní Senegal, ọ̀dá ọdún 1970 sí 1990 mú kí omi gbẹ tí iyọ̀ sì kù. Lítà omi òkun kan ní nǹkan bí gíráàmù iyọ̀ 35. Ní òkè Saloum ó ju 100 lọ. Ẹpìyà wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dàgbà dáadáa, ó sì ń bímọ nígbà tí ó ṣì kéré.

Ṣé ara ẹja kan ṣoṣo ni ó kọ́ ìfaradà yìí, tàbí ó jogún rẹ̀? Adágún Qinghai ní ilẹ̀ China tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ó ga tó mítà 3,200 ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, omi rẹ̀ tutù, ó sì ní iyọ̀ díẹ̀. Ẹja kan tí kò ní ìpẹ́, Gymnocypris przewalskii, ni ó kún ibẹ̀. Nígbà tí a yẹ jíìnì rẹ̀ wò, èyí tí í ṣe ohun ìjogún inú ara, a rí i pé àwọn tí ń bójú tó iyọ̀ àti àìtó afẹ́fẹ́ ti yàtọ̀ sí ti àwọn ìbátan rẹ̀. Èyí tí kò lè fara dà á kú láìbímọ. Èyí tí ó lè ṣe é fi ogún náà sílẹ̀, ìran dé ìran, fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún.

Àwọn ará Ìlàjẹ kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a gbẹ́ ọ̀nà omi Opuekeba nítorí iṣẹ́ epo rọ̀bì, omi òkun ya wọ inú igbó àbàtà omi dídùn. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 1988 ròyìn bí igi ibẹ̀ ti kú. Bí àbàtà bá di oníyọ̀, àrọ̀ kò ní í dúró níbẹ̀, nítorí ẹja omi dídùn ni. Ẹpìyà ni yóò kù. Àwa kò rò pé kí apẹja fi èyí tu ara rẹ̀ nínú, nítorí ẹpìyà tí iyọ̀ bá jẹ gàba lé lórí lè má tóbi tó èyí tí bàbá rẹ̀ máa ń gbé lọ sí ọjà Ìgbọ́kọ̀dá, omi mímu ilé rẹ̀ yóò sì ti bàjẹ́ pẹ̀lú.